Ọ̀sẹ̀ Keje ní Hobart

Ọ̀sẹ̀ keje nìyí. Ohun tó wà nínú mi
kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ,
ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bi í ní ilé tí yóò sọ̀ sí.

"Tètè pè é," ni Glenys, ìyá ọkọ mi, wí lórí fóònù.
"Ìwé Dókítà Pascoe máa ń kún kí oyún tó pé oṣù méjì.
Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni mo bí Ruari sí,
yàrá tèmi nìkan, fèrèsé tó kọjú sí omi,
tíì nínú ife tó ní àwo lábẹ́."
Ó rántí ife náà dáadáa.
Kò sọ nǹkan kan nípa ìrora.

Òkè fi yìnyín bora lówùúrọ̀ yìí.
Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ọgbà tí a ti ń ta irúgbìn,
èébì dúró sí mi lọ́fun,
mo ń ṣírò lẹ́yìn rìsíìtì epo:
owó dókítà, owó ẹni tí yóò pa ẹ̀yìn mi kú, owó àyẹ̀wò,
owó adójútòfò tí a ti ń san láti ìgbà ìgbéyàwó,
tí wọ́n wá ní kò kan ìbímọ
àfi ká ti fi kún un lọ́dún kan sẹ́yìn.
Ọdún kan sẹ́yìn!
Lọ́dún kan sẹ́yìn, ta ló mọ̀ pé ìwọ ń bọ̀?
Mo fẹ́ra kù, mo sì fẹ́ owó kù.

Ruari ní, "Ohun tó bá wù ọ́."
Ọ̀rọ̀ rere ni.
Ó sọ ọ́ tán, ó padà sídìí ẹja tó ń họ ìpẹ́ rẹ̀.

Mo pe ti ìjọba. Dùùrù ń dún sí mi létí fún ogójì ìṣẹ́jú
kí obìnrin kan tó dáhùn, ohùn rẹ̀ ti gbẹ:
"Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni yóò gbẹ̀bí rẹ."
Àlejò.
Àlejò ni yóò kọ́kọ́ rí ojú rẹ.
Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí légungun.
Nígbà tó yá ni mo rò ó: èmi ńkọ́, mo ti rí ọ rí ni?
Àlejò mẹ́ta la ó jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, nídìí abọ́ tí a ń fọ̀,
Merryn ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.
Ilé ìwòsàn olówó ló ti kúnlẹ̀,
kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, òdòdó lórí tábìlì.
Jarrah jáde, ó dákẹ́,
awọ rẹ̀ rí bí eérú.
Wọ́n sáré gbé e sínú ọkọ̀ pàjáwìrì, ó di ibo?
Ó di ti ìjọba.
Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí wà.
Nọ́ọ̀sì kan tí Merryn ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní
gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.
"Mi ò ní kí o má lọ síbẹ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.
"Yàrá náà dára. Mo sùn."
Ó nu àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ire ọmọ kì í dá wá, ibi rẹ̀ ní í tẹ̀lé e.
Ta ni yóò dúró tì mí lórí ìkúnlẹ̀,
tí yóò gba ire, tí yóò tún dúró gba ibi,
tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jáde tán?
Owó lè ra fèrèsé.
Owó lè ra orúkọ ẹni tí yóò wá.
Mi ò mọ̀ bóyá ó lè ra ọwọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé mo forúkọ sílẹ̀ ní ti ìjọba.
Nọ́ńbà Pascoe ṣì wà lára fíríìjì,
mi ò tíì lè yọ ọ́.
Ìwọ hóró ẹ̀wà, má dá mi lẹ́jọ́.
Ibi yòówù kí o sọ̀ sí,
kí wọ́n gbọ́ ohùn mi, kí wọ́n gbọ́ tìẹ.
Ife tíì náà, ì báà má ní àwo lábẹ́.